Ọ̀pá Mi Lórí Pèpéle

Mo ti há gbogbo ọ̀rọ̀ amúkùn-ún tó wà nínú eré ìkórè ìjọ wa ní Kàbà sórí. Ta ló tún yẹ kó ṣe é? Èmi ni amúkùn-ún ìjọ. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa tuntun, wọ́n to bẹ́ǹṣì léra wọn fi ṣe pèpéle, wọ́n wá ní mi ò ní lè gùn ún. Ni wọ́n bá fi ọmọ olórí akọrin rọ́pò mi, ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá.

Ọmọbìnrin náà wá sílé wa, ó kí mi: "Okun o, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní kí n máa rìn kí òun máa wò mí, ó sì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi bí olè tó ń ṣọ́ ilé onílé. Ó tún yá ọ̀pá mi lọ.

Lọ́jọ́ eré, ó tiro ju èmi gan-an lọ. Àwọn èèyàn ń sunkún. Mo jowú rẹ̀ débi pé itọ́ korò lẹ́nu mi. Nígbà tí Jésù inú eré wò ó sàn, ó ju ọ̀pá mi nù, ó ń fò sókè. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Ìyá àgbà tó jókòó tì mí gbá mi léjìká. "Ìwọ náà dìde, kí o yin Olúwa!"

Mo ní, "Kí n fi kí ni dìde, màmá?"