Ẹ Kú Ọ̀fọ̀ Tó Sọ Mí Di Òǹkọ̀wé

Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n jẹ ìwé mi àkọ́kọ́ tán. Mi ò pa òwe o. Ìyá tó ni ilé tí à ń gbé ń ta ẹ̀pà yíyan létí ibùdókọ̀ ojú irin, abala ìwé mi ló sì fi ń wé ẹ̀pà náà fún àwọn èrò tó ń gòkè lọ sí Paraku àti àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kútọnu. Èmi fúnra mi ni mo kó o fún un. Ìwé tí àwọn òǹtẹ̀wé ti dá padà lẹ́ẹ̀mẹta láti ìlú òyìnbó, kí ni mo tún fẹ́ fi ṣe?

Ọkùnrin kan tilẹ̀ sáré bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò wá ra ẹ̀pà mọ́, abala tó kàn lòun ń wá, torí òun ò mọ ẹni tó pa oníṣòwò wúrà inú ìtàn náà. Ìyá dá a lóhùn pé ẹlòmíràn ti jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, inú mi dùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ mọ ibi tí ìtàn mi já sí.

Mẹ́tìrì ni mo jẹ́ nígbà náà, bí a ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Apá Pọ́bẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn òyìnbó ń di ẹrù wọn, ìjọba tuntun sì ń fọ́n àwa ọ̀dọ́ tó mọ̀wé káàkiri bí ẹni ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Ṣábẹ̀ẹ́ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Èmi àti ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àpótí méjì, ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti tábìlì kan ṣoṣo. Tábìlì yẹn ni ìjà wa.

Láti òwúrọ̀, ìyàwó mi á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé e, á máa rán aṣọ àwọn oníbàárà. Bí mo bá ti ti ilé ìwé dé báyìí, màá ní kó gbé e kúrò, nítorí iṣẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ mi. Á gbé e sílẹ̀ sórí ẹní, á tẹ̀ ba, á máa rán an lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Èmi á jókòó bí ọba.

Ìtàn ọ̀daràn ni iṣẹ́ ńlá náà, lédè Faransé. Paríìsì ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, èmi tí n kò kọjá Àjàṣẹ́ rí. Yìnyín ń bọ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Komisẹ́ẹ̀rì mi, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń wá ọ̀daràn, wọ kóòtù gígùn, ó ń fa ìkòkò tábà, ó sì ń fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wá àmì ìka lára ife ọtí. Mo fi ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà han ọ̀gá ilé ìwé wa. Ó mú yíǹkì pupa, ó tún un ṣe bí díkítéè, àpèkọ ọmọ ilé ìwé, ó sì kọ mẹ́jọ nínú ogún sí ìsàlẹ̀. Mi ò kí i fún ọjọ́ méjì. Mo mọ̀ dájú pé mẹ́tàlá tọ́ sí mi, ó kéré tán.

Ìyá onílé wa ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ràn ìtàn tó o. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ń ka ohun tí mo kọ fún ìyàwó mi, tí mo ń sọ ọ́ di Yorùbá bí mo ṣe ń lọ, Ìyá á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀pà, á máa gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó dá mi dúró.

"Mẹ́tìrì, àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ yìí, ṣé ìjà ni wọ́n ń bá ara wọn jà?"

"Rárá o, Ìyá. Kí lẹ rí?"

"Wọn kì í kíra wọn. Komisẹ́ẹ̀rì rẹ wọ ilé ọ̀fọ̀, ife ló kàn ń wò. Kò kí opó, kò kí ará ilé. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò fura sí òun fúnra rẹ̀?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́. Inú bí mi. Mo ní Paríìsì nìyẹn, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn.

"Ṣé o ti débẹ̀ rí?" ni Ìyá wí.

Mo pa kàyé mi dé, ìwé tí mò ń kọ ìtàn sí.

Láìpẹ́ sí ìgbà yẹn ni ìkéde kan dé sí ilé ìwé wa. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje ìtàn tó ní ẹ̀bùn ní Kútọnu, kí orílẹ̀-èdè tuntun lè mọ àwọn òǹkọ̀wé tirẹ̀. Ìyàwó mi ka ìwé náà, ó tún un kà, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ kọ ọ̀kan sí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí èyí náà ò bá yọrí sí nǹkan kan, tábìlì di tèmi, kí ẹ fi ìwé kíkọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn mi ò lè gbà á mọ́."

Mo gbà, mo tún fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí gidi. Bí wọ́n bá gba ìwé kíkọ kúrò lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tó kù tí mo jẹ́, àfi ẹni tó ń mí ìyẹ̀fun ẹfun sínú níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Fún oṣù kan gbáko mi ò rí ìtàn kankan kọ. Bí mo bá kọ yìnyín, ojú Ìyá ni mò ń rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ni ìtàn náà wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń rin orín lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá pe èmi àti ìyàwó mi sẹ́yìnkùlé. Ó fi okùn kan hàn wá. Wọ́n ti gé e. Àgbò funfun tó ń sìn láti ọdún tó kọjá ti lọ.

"Ẹ pa ẹnu mọ́," ó ní. "Ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó fi agbọ̀n bo okùn, ó lọ jókòó síwájú ilé bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ó dáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí yan ẹ̀pà. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i. Ẹ kú ìdáná o, Ìyá. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó. Ìyá ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ọkùnrin àdúgbò kan wá kọjá, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tó máa ń kó iṣu bọ̀ láti Kabua. Ó tẹríba gan-an.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Ìyá. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

Ìyá gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. "Ọ̀fọ̀ kí ni?"

Ẹnu ọkùnrin náà là sílẹ̀. Ó wo Ìyá, ó wo èmi tí orín wà lẹ́nu mi, ó wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Ẹ kú ọyẹ́ ni mo wí, Ìyá."

"Ọ̀fọ̀ ni mo gbọ́," ni Ìyá wí, ó sì ń bá ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Kí oòrùn tó kanrí, àgbò ti wà lẹ́yìnkùlé, èèpo iṣu ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyá ò pe jandámù, ọlọ́pàá ìjọba, kò sì pe ẹbí ọkùnrin náà jọ. Mo bi í léèrè ìdí.

"Olè ni," ó ní, "ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó rí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò gbà fún un kó kọjá láìkí."

Mo fò sókè. Èmi tí mò ń wá àmì ìka láti Paríìsì! Ta ní ń wá àmì ìka nínú ìlú tí gbogbo nǹkan ti ní ìkíni tirẹ̀, tí ènìyàn ò lè mọ nǹkan kó má kí ọ fún un? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ìyàwó mi ṣubú kí n tó dé ìdí tábìlì.

Ìwé tí mo kọ nìyẹn. Kò sí yìnyín níbẹ̀. Ìdí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Àgbò di ènìyàn tí wọ́n pa, nítorí kò sí ẹni tó máa fún ìtàn àgbò tí wọ́n jí ní ẹ̀bùn. Komisẹ́ẹ̀rì mi sì di ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n èdè Faransé fojú mi rí màbo. Faransé ní bọ́ńjúù fún àárọ̀, ó ní bọ́ńsúwà fún alẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ó panu mọ́. Bí apànìyàn bá ní bọ́ńjúù, kí lẹ fẹ́ fi mú un? Nígbẹ̀yìn mo fi gbogbo ìkíni náà sílẹ̀ ní Yorùbá láàárín Faransé, bí irú nínú ọbẹ̀. Ìyá gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ìyá ẹlẹ́pà náà gbọ́n gan-an, ó dà bí ẹni tí òun mọ̀.

Mo parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, apínlẹ́tà láti pọ́sìtì mú àpò lẹ́tà Paríìsì kan tó nípọn wá. Ìwé yìnyín mi kejì ni, tí mo ti gbàgbé pé mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dá a padà pẹ̀lú ìlà kan péré, ìlà kan náà tí wọ́n máa ń kọ. Mo ní bí wọn ò bá gba yìnyín, èyí tó jẹ́ nǹkan tiwọn, ta ni yóò gba ẹ̀pà àti àgbò? Mo kó kàyé mẹ́ta tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kún, mo gbé wọn fún Ìyá.

"Ẹ máa fi wé ẹ̀pà," mo ní.

Ìyá wò mí. "Ó dáa," ó ní.

Mo wọlé, mo sọ fún ìyàwó mi pé tábìlì ti di tirẹ̀. Kò yọ̀ bí mo ṣe rò. Láti ọjọ́ náà, orí ẹní ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí ro èmi náà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ti fi ojú rẹ̀ rí, ojú sì tì mí. Ní ibùdókọ̀, mo máa ń yọjú wo ẹ̀pà Ìyá láti òkèèrè. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló fi ń wé e, mi ò rí ìlà kan tí ọwọ́ mi kọ. Mo rò pé wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn, kò fura.

Oṣù mélòó kan kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ń ti ilé ìwé bọ̀, ebi ń pa mí, inú ń bí mi sí ọmọ tó ní odò Ọ̀pàrá, tó ń ṣàn nítòsí ìlú wa níbí, wà ní ilẹ̀ Faransé. Ìyá jókòó síwájú ilé, ìyàwó mi dúró tì í. Ìyá rí mi, gbogbo eyín rẹ̀ yọ síta.

"Kú oríire o, Mẹ́tìrì!"

Ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo dúró sójú kan. Bí ènìyàn bá ti ilé ìwé dé, "káàbọ̀" la máa ń kí i.

"Oríire kí ni, Ìyá?"

Ìyá wo ìyàwó mi. Ó wo ilẹ̀. "Káàbọ̀ ni mo wí."

"Oríire ni mo gbọ́."

Ó pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ó ti mú mi! Ìyàwó, gbé e fún un, ó ti mú mi!"

Ìyàwó mi fa lẹ́tà kan yọ láti abẹ́ aṣọ tó fi bo ẹ̀rọ rẹ̀. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, orúkọ ìyàwó mi ni wọ́n kọ sí i lára, kì í ṣe tèmi. Lọ́jọ́ tí mo kó kàyé fún Ìyá, kò pẹ́ rárá tí Ìyá fi gbé wọn wá fún ìyàwó mi. Ó ní òun ò lè máa fi ara òun wé ẹ̀pà fún àwọn èrò Paraku. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí pọ́sìtì. Ìyàwó mi bẹ̀rù pé bí òun bá fi orúkọ mi sí i, tí wọ́n bá dá a padà, yóò bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọkàn mi yóò tún gbọgbẹ́. Ló bá fi orúkọ tirẹ̀. Àwọn adájọ́ ìdíje náà kọ̀wé pé àwọn kí Màdáámù kú iṣẹ́ ọpọlọ, pé ìwé rẹ̀ ló gba ipò kìíní, pé ó ya àwọn lẹ́nu bí obìnrin jẹ́jẹ́ ṣe mọ ìwà olè tó bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú iyanrìn, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ẹ̀bùn. Obìnrin tí mo gba tábìlì lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ló tún gbé ìwé mi lọ sí pọ́sìtì, nígbà tó jẹ́ pé bí kò bá ṣe nǹkan kan rárá, tábìlì ti di tirẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde, ọbẹ̀ ti ń tutù.

Ní Kútọnu, wọ́n pe Màdáámù, èmi onírunmú ni mo dìde, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Tábìlì kejì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹ̀bùn náà rà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ ìwé náà. Mo gbé ẹyọ kan lọ bá Ìyá nídìí iná rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gbà á, ó ṣí i láti ẹ̀yìn, ó ní kí n fi ibi tí ọkùnrin náà ti kí òun han òun. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà: Ẹ kú ọ̀fọ̀. Kò gbé e kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹnìkan wá ra ẹ̀pà. Ìyá fi ìwé náà sábẹ́ itan rẹ̀, ó fa ìwé ìròyìn àtijọ́ ya, ó sì sọ fún mi láìwo ojú mi pé, "Èyí, a ò ní fi wé ẹ̀pà."