Bí Mo Ṣe Pa Ìyá Aláró Lórí Rédíò

Nínú gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ jẹun láyé mi, n kò rí ibi tí òmùgọ̀ pọ̀ sí bí ilé iṣẹ́ rédíò kan tí mo ti ṣe mégáàdì lórí òkè kan lẹ́yìn Aké. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì mọ̀ ọ́n kò pàdánù ohunkóhun.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó sá kúrò ní ilé ìwé, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ fò ó. Àwọn tó kàwé títí irun orí wọn fi re ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ọ̀gá wa gbé Lọ́ńdọ̀nù rí. Kò pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Nínú oòrùn Abẹ́òkúta, oòrùn tó lè din ẹyin lórí àpáta, kóòtù ló máa ń wọ̀ wá síbi iṣẹ́, òógùn á sì máa ṣàn wọ inú bàtà rẹ̀ títí bàtà náà yóò fi máa dún bí ọ̀pọ̀lọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹnjiníà. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni pé kó fi ọwọ́ di wáyà méjì kan mú pọ̀ láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Bó bá sín, ìdajì ìròyìn lọ nìyẹn. Òpó tó ń gbé ohùn wa jáde náà kò lágbára. Bí ewúrẹ́ bá fara ti ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó lọ sí Kútọ̀ á yà sí ọ̀nà Ìmẹ̀kọ. Èyí tó bá sì rí ọ̀nà gbà, bó bá fi máa sọ̀kalẹ̀ òkè dé etí odò Ògùn, ó ti rẹ̀ ẹ́, á jókòó síbẹ̀ máa mí.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa ló burú jù. Ọmọkùnrin yìí kò tíì kọjá Ṣàgámù rí, ṣùgbọ́n bó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, imú ló fi ń sọ ọ́. Bó bá ń sọ Yorùbá, á tún fi imú sọ ọ́, bí ẹni pé àlejò ni òun náà nínú èdè ìyá rẹ̀. Inú ìdérí agolo ìpara tó ń dán ló máa ń wo ojú ara rẹ̀ kó tó wọ sítúdíò. Ta ló fẹ́ rí i nínú rédíò?

Ẹni kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wa. Alhaji kan ni, ọmọ ilé oníṣòwò ní àdúgbò àtijọ́, tó ń se àgbo, tó ń rọ ọ́ sínú ike tà. Òun ló ra ètò òwúrọ̀ wa. Owó rẹ̀ la fi ń ra dísù sínú jẹnẹrétọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé lọ́jọ́ tí Alhaji bá kúrò, a ó ti ilẹ̀kùn ni, Ọ̀gá á sì lọ wá ibòmíràn tí yóò ti máa sọ ìtàn Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tó yá, Alhaji fajú ro. Ó ní òun kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè sórí ètò náà, àbí inú kànga lòun ń polówó sí ni? Ọ̀gá bá rìn wá bá mi ní géètì, ó ń nu òógùn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní fóònù?"

"Mo ní in."

"Ẹ lè sọ̀rọ̀ bí ẹlòmíràn?"

Ó bi ẹni tó yẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di gbogbo àwọn tó ń gbọ́ wa. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn fèrèsé sítúdíò ni mo máa ń jókòó sí. Mo di awakọ̀ ní Kútọ̀, ohùn mi á há bí ẹni tó fi ọjọ́ gbogbo pe èrò Èkó. Mo di àgbẹ̀ ní Ewékorò tó ń wúkọ́ nítorí eruku sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Ìyá Aláró. Mo máa ń fi orógbó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, màá fa ọ̀fun mi sókè, obìnrin arúgbó kan láti Ìtòkú á sì jáde lẹ́nu mi, tó pé pérépéré.

Mo fún un ní ọkọ tó ti kú, mo fún un ní orogún tó ń jalè, mo fún un ní ìkòkò aró tó jẹ́ pé ìyá ìyá rẹ̀ ló gbé e wá sáyé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò máa ròyìn. Bó bá sì fẹ́ parí, á ní, "Ẹ bá mi kí Alhaji o. Mo ti mu ife àgbo kan lówùúrọ̀ yìí, ẹ̀yìn tí mo fi ń tẹ̀ sí ìkòkò aró kò dùn mí mọ́."

Inú Alhaji dùn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á máa dá a lóhùn, "Màmá wa dáadáa!" pẹ̀lú imú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ẹlòmíràn kò pè. Fóònù kan ṣoṣo ló wà ní sítúdíò, èmi sì ni mo wà lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò dé òpin. Bí gbogbo Ẹ̀gbá bá fẹ́ pè wá, ibo ni wọ́n fẹ́ gbà?

Ohun tó bà á jẹ́ nìyí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Aláró ń sọ nípa ewúrẹ́ rẹ̀ kan tó mu aró nínú ìkòkò tó sì bí ọmọ aláwọ̀ búlúù. Ìtàn náà dùn, èmi gan-an ń fẹ́ mọ ibi tó máa parí sí. Ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá sọ pé, "Ó ti tó o, màmá, àkókò ti lọ," ó gé fóònù, ó fi orin sí i.

Mo tu orógbó dànù, mo wọlé bá a.

"Ìwọ ọmọ yìí, o gé ọ̀rọ̀ mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu?"

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni mo gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ìyá Aláró ni."

"Ta ni Ìyá Aláró?"

Ó rò ó. Mo rí i pé ó ń rò ó lóòótọ́. "Ẹ̀yin náà ni," ó ní, "ṣùgbọ́n tí ẹ bá wà lórí afẹ́fẹ́, obìnrin ni yín, obìnrin yẹn sì lẹ́jọ́ jù."

Kò burú. Lọ́jọ́ kejì mo pè pẹ̀lú ohùn tèmi gan-an, mo ní èmi ni àkọ́bí Ìyá Aláró lọ́kùnrin. Mo ní ìyá wa ti dákẹ́ ní ìdájí, kí wọ́n bá wa sọ fún gbogbo ayé.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bú sẹ́kún. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo wà ní iwájú rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, mo gbé fóònù sétí, mo tilẹ̀ juwọ́ sí i. Ó ń wò mí, ó sì ń sunkún. Ẹkún náà pọ̀ débi pé Gẹ̀ẹ́sì jábọ́ nínú imú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè abúlé rẹ̀ kí òkú.

Ọ̀gá sáré jáde.

"Bàbá! Ẹ ti pa wá! Òní ni Alhaji ń bọ̀ wá sọ bóyá ó máa bá wa lọ tàbí kò ní bá wa lọ! Ẹ jí i!"

"Ọ̀gá, èmi kọ́ ni Ọlọ́run."

"Ẹ̀yin lẹ pa á!"

"Pípa rọrùn ju jíjí lọ, ẹ̀yin ẹ bi àwọn dókítà."

A wà lórí èyí nígbà tí a gbọ́ ariwo láti ìsàlẹ̀ òkè. Mo wo ọ̀nà. Àwọn obìnrin Ìtòkú ló ń gòkè bọ̀, aró ṣì wà ní apá wọn dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ti tú gèlè kúrò lórí. Ọlọ́kadà Kútọ̀ ń gbé àwọn mìíràn bọ̀ lẹ́yìn wọn. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti kún ọgbà, wọ́n gun orí tánkì omi, wọ́n jókòó sórí jẹnẹrétọ̀. Ilé iṣẹ́ tí kò mọ̀ pé òun ní ẹni tó ń gbọ́ òun! Gbogbo wọn ń bá wa kẹ́dùn.

Ọ̀kan ní ògiri kan náà ni òun àti olóògbé jọ pín. Ọkùnrin kan ní ó pọn òun sẹ́yìn nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n obìnrin sísanra kan, olóhùn bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ló borí gbogbo wọn.

"Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ògiri," ó ní. "Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ọwọ́ yìí ni mo fi wẹ̀ ẹ́. Ṣe ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tuntun."

Mo bá wúkọ́. Obìnrin tí mo pa, ara rẹ̀ kò tíì tutù lẹ́nu mi, ẹnìkan ti wẹ̀ ẹ́!

Bí Alhaji ṣe wọlé nìyẹn. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó rí èrò, gbogbo eyín rẹ̀ sì jáde. "Ọ̀gá, ṣé gbogbo èrò yìí ló ń gbọ́ wa?"

Ẹni tó ní làákàyè á ti dá Alhaji padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá wa gun orí àga. Ó tún kóòtù ṣe, ó na ọwọ́ sí Alhaji bí ẹni fẹ́ fi ọba han ará ìlú.

"Ẹ̀yin ènìyàn wa! Ẹ wo ẹni tó ni àgbo tí Ìyá Aláró ń mu láràárọ̀!"

Gbogbo ọgbà yíjú sí Alhaji.

"Ìwọ lo ni ín?" Obìnrin sísanra náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Àgbo tó mu lánàá," ni ẹlòmíràn wí, "tó fi kú lónìí?"

Alhaji fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ọkọ̀ rẹ̀. Ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún Ọ̀gá pé bí obìnrin yìí kò bá jí lójú ẹsẹ̀, kí a gbàgbé pé a mọ òun rí. Ọ̀gá bá ń pariwo pé kò kú o, àṣìṣe ni, ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Ó tì mí wọ ilé ìgbẹ́, nítorí kò sí ibòmíràn tí èrò kò sí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta sí ẹnu ọ̀nà, kí èrò lè gbọ́ ohun tó ń lọ lórí afẹ́fẹ́. Mo wá orógbó nínú àpò, mo fi í sẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì fi fóònù pe sítúdíò.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò kú o. Mo kàn sùn lọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Alhaji jà."

N kò tíì ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Èmi fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Láti inú ilé ìgbẹ́ ni mo ti gbọ́ ohùn bí agogo náà.

"Irọ́! Ohùn rẹ̀ kọ́ nìyẹn! Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́! Ọkùnrin arúgbó kan ni wọ́n lọ háyà, tó ń sín òkú olókùú jẹ!"

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa ohùn bí ewúrẹ́!"

"Èmi ni o," ni mo ń wí, "èmi náà ni, Ìyá Aláró ti Ìtòkú..."

Òkúta àkọ́kọ́ ba gbohùngbohùn, ó dákẹ́. Mo jókòó sínú òórùn títí wọ́n fi tú ká. Ká ní wọ́n rí mi ni, wọn ì bá lù mí pa nítorí pé mo fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo jáde, Alhaji ti lọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ wọ́n ṣe fìdáù fún Ìyá Aláró ní Ìtòkú. Bẹ́ẹ̀ ni, fìdáù. Alhaji ló ra àgbò, kó lè fi pa ẹnu ìlú mọ́. Ọ̀gá mú mi dání lọ síbẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, torí pé dísù ti tán pátápátá. Àwọn àlùfáà ń ṣàdúà kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, èmi náà sì ń ṣe àmín, kò sí ẹni tí àdúà náà kàn tó mi.

Ibi tí a jókòó sí ni a ti gbọ́ obìnrin sísanra náà. Ó ti ní ìtàn tuntun.

"Àgbo ti tán nílé rẹ̀ látọjọ́ méjì," ó ń sọ. "Mo ní n lọ bá a rà á, ó ní kí n má ṣèyọnu. Ká ní ó rí i mu ni! Ọwọ́ mi ló kú sí, ó ń pe orúkọ àgbo náà."

Ẹ wá wo èrò lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn ìyàwó Alhaji ti ń ta ike àgbo. Wọ́n ń fa aṣọ ara wọn ya.

Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ síwájú Alhaji. "Ẹ dákun, Alhaji, ẹ má fi wá sílẹ̀. Bí ẹ bá lọ, ilẹ̀kùn la ó tì."

"Ọ̀gá, ẹ dìde, ẹ̀ ń ba aṣọ jẹ́," ni Alhaji wí. Ó fi àgbọ̀n júwe obìnrin sísanra náà. "Ẹ wo ìyẹn. Kò lo dísù. Ewúrẹ́ kankan ò lè fara tì í kó yà sí Ìmẹ̀kọ. Kí ni mo tún fẹ́ fi rédíò yín ṣe?"

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún wọn! Ẹ sọ fún wọn pé kò sí obìnrin kankan!"

Ẹran wà lẹ́nu mi, ata sì ti mú omi bọ́ lójú mi. Obìnrin sísanra náà rí omijé yìí, ó sún mọ́ mi.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ni mo wí.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó yínmú. "Ẹ̀yin? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí àwọn tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ríbi jókòó."

Mo gbé àwo mi, mo sún sẹ́yìn.