Ìṣó Kan Lára Ògiri Phibsborough

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ṣọ́jà máa ń fẹ̀yìn tì, irọ́ ló pa. Ìjọba lè gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè gba aṣọ, kí wọ́n sì ní ó ti ṣe tirẹ̀ tán, kó máa lọ sinmi. Sinmi kẹ̀? Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi ni mo fẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Sájẹ́ǹtì-méjọ̀ ni ọkọ mi nínú iṣẹ́ ológun Nàìjíríà, èmi sì jẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí àwọn ará Ireland ń wá nọ́ọ̀sì kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó já, tí wọ́n ń kọ́lé sí gbogbo kọ̀rọ̀ Dublin, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì, òun àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo wá bá mi. Phibsborough, àdúgbò kan ní Dublin, ni a gba ilé sí, lọ́wọ́ bàbá arúgbó ará Ireland kan tí kò gbéyàwó rí. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí ibi ìkẹ́rùsí kan létí èbúté, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kẹ́rù bọ̀ láti Holyhead ní Wales. Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi í ṣe olórí àwọn tó ń to páálí. Ta ló tún mọ nǹkan í tò ju ṣọ́jà lọ?

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí a máa bi mí pé kí wá ni èrè ká jẹ́ ìdílé ṣọ́jà nílùú òyìnbó, níbi tí kò ti sẹ́ni tó ń bẹ̀rù wa. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó kí n rò fún wọn. Bàtà ọmọ wa a máa dán débi pé tíṣà rẹ̀ bi í bóyá ìgbéyàwó ló ń lọ. Kò sí òtútù tó lè dá wa padà sórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, torí fèrè ọkọ mi á ti dún, òun fúnra rẹ̀ á sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò ó bóyá bẹ́ẹ̀dì tẹ́jú. Tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, tí mo dùbúlẹ̀, ó máa ń tẹ́ apá tirẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà lórí tèmi. Ẹ gbà mí!

Ti garawa ìdọ̀tí ló wá lékenkà, àwọn onítáyà ńlá tí wọ́n ń pè ní bíìnì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wá kó ìdọ̀tí, ọkọ mi á jáde, á to tiwa, á to ti ilé kejì, á to ti gbogbo òpópónà náà ní ìlà kan gbọọrọ, á wá fà sẹ́yìn, á di ojú kan wò ó. Ojú kọ́kọ́ tì mí. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó tó wà nílé kejì sọ fún mi pé látọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò rí bíìnì tó gbọ́ràn báyìí rí, pé ọkọ mi jẹ́ grand, ìyẹn ni pé èèyàn dáadáa ni. Ó gbé kéèkì wá fún wa. Àwọn tí kò kí ara wọn tẹ́lẹ̀ ládùúgbò yẹn wá ń dúró kí ara wọn nídìí bíìnì.

Ẹ rí i? Ibi tí àwọn ẹlòmíì ti ń pẹ́ kí aládùúgbò tó mọ̀ wọ́n, àwa ti kúrò níbẹ̀. Ní bárékè, Tiv wà lọ́tùn-ún yín, Kànúrí wà lósì, ẹ ó sì jọ pọnmi nídìí ẹ̀rọ kan náà. Ẹni tí kò bá mọ èèyàn í kí, omi á tán kó tó kàn án. Torí náà, dídé kì í ṣe ìṣòro wa. Gbígbé ibì kan pẹ́ ni a ò mọ̀.

Nílé wa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri. Òfin ni. Ilé ìjọba ni ilé bárékè. Àṣẹ tíráńsífà, èyí tí àwọn ṣọ́jà ń pè ní sígínà, lè dé lónìí pé kí ọkọ ẹ máa lọ sí Sókótó, kó o sì ti wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo gbin tòmátì sí Kàdúná, ẹlòmíì ló ká a. Mo gbin ewúro sí Mákọ́dí, ó di ọbẹ̀ ìyàwó kọ́pùrà kan tí n kò mọ̀ rí. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Tèmi, ilé ni ibi tí mo ti ń múra àtilọ.

Ìyàwó ṣọ́jà tó bá gbọ́n kì í tú gbogbo ẹrù. Àpótí kan máa ń wà ní dídì. Inú tèmi ni fọ́tò ìgbéyàwó wa wà, ńlá, onígíláàsì, tí mo fi ìró àtijọ́ wé. Fọ́tò yẹn ti rìn ju ọ̀gágun míì lọ, a ò sì gbé e kọ́ rí. Ọmọ wa ti ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá, kò tíì fojú kàn án.

Nígbà tí a dé Dublin, mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká gbé fọ́tò yìí kọ́."

Ó ní, "Ilé onílé ni, Mọ́mì. Sígínà kì í sọ tẹ́lẹ̀."

Sígínà wo, ní Phibsborough? Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Àgbà ti ń dé sí mi. Mo fẹ́ rí ojú èwe mi lára ògiri kan kó tó pẹ́ jù. Mo fẹ́ ilé tí n kò ní máa fi etí kan gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, lánlọ́ọ̀dù wa wá tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ṣe. A fún un ní tíì. Bó ṣe ń mu ún, ó ń sọ̀rọ̀ ilé: pé iye tí wọ́n ń ta ilé báyìí ti ya wèrè, pé gbogbo èèyàn ló ní kí òun ta eléyìí, pé òun ń rò ó. Ó mu tíì tán, ó ní bísíkíìtì wa dùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo yíjú, ọkọ mi ti nàró ṣánṣán.

"Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Ó ní òun ń rò ó ni."

"Mọ́mì, ọ̀gá kì í ronú lásán. Tí ọ̀gá bá ti ń ronú, ẹrù ni kéèyàn máa dì."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Rush, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Dublin, ó ti rí ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko kábéèjì, ó sì padà wá jábọ̀ bí ẹni lọ ṣamí ogun: òkun wà nítòsí, afẹ́fẹ́ dára, ọkọ̀ sí ìgboro kò wọ́n. Rush ò burú o. Ó kàn ti rẹ̀ mí ni.

Ọmọ wa gbọ́, ó bú sẹ́kún. Ó gbọ́ Yorùbá wa dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu Dublin ló fi ń dáhùn. "I'm not going! All me friends are here!"

Bàbá rẹ̀ ní, "Ọmọ ṣọ́jà kì í sunkún tíráńsífà."

"Dad, you're not even a soldier anymore!"

Yéè! Ká ní bárékè la wà ni, ìgbájú ni ì bá tẹ̀lé e. Ọkọ mi kàn dìde, ó lọ nu bàtà rẹ̀ ní kíṣìn. Mo tẹ̀lé e. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí.

"Ẹ lọ bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀," mo ní. "Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ sọ fún un pé a ò fẹ́ lọ."

"Ṣé èèyàn máa ń bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n má gbé òun kúrò ni?"

"Ẹ ò kúkú bẹ wọ́n rí! Pẹ̀lú oyún nínú ni ẹ fi gbé mi gun ọkọ̀ láti Mákọ́dí dé Sókótó. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá yín nígbà náà fẹ́ràn yín, tí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ ni, ì bá gbọ́."

Ó ń nu bàtà tó ti dán.

Tí ṣọ́jà bá fẹ́ kó kúrò nílé ìjọba, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fọ ilé, wọ́n á to gbogbo ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ sílẹ̀, ìdílé á dúró, ọ̀gá á wá wò ó. Ọkọ mi fọ gbogbo ògiri. Ó fi ọ̀dà kun ibi tí kẹ̀kẹ́ ọmọ ti ha. Ó pe lánlọ́ọ̀dù pé kó wá ní Sátidé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wọ bàtà ṣọ́jà rẹ̀, ó sì kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti bàbá náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀: ṣíbí, fọ́ọ̀kì, kọ́ọ̀bù, ìkòkò, kẹ́tù, tòun ti ìgbálẹ̀, ní ìlà-ìlà, láti orí kékeré dé orí ńlá. Ó ní kí èmi àti ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ dúró, ó yọ ètè síta. Èmi ò dúró o. Mo jókòó, mo ká apá mọ́yà, kí ọ̀gá wá bá mi níbẹ̀.

Bàbá náà wọlé, ó gbé ẹsẹ̀, ó rí fọ́ọ̀kì, ó gbé ẹsẹ̀ padà. Ó bi wá bóyá ọjà la fẹ́ tà.

Ọkọ mi na ara gbọnrangandan. "All correct, sir."

Bàbá náà wo ilẹ̀, ó wo ọkọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ kékeré kan tí wọ́n fi ń bó pòtétò, ó ní yoke yìí, bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan níbẹ̀, ìyá òun ló ni ín, òun ti wá a títí. Lẹ́yìn náà ló bi wá pé ibo là ń lọ. Ọkọ mi ní ṣebí bàbá fúnra rẹ̀ ló ní òun ń ro àtita ilé.

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń rò ó kí àwa tó dé ìlú yìí rárá. Ó ní òun tún máa ń ro àtigbéyàwó, ṣé a rí ìyàwó kankan lẹ́yìn òun?

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rí i. Ó ṣí fìlà, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ó wù ẹ́ láti lọ ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ìgbà èwe ni ọkọ mi ti ń sin ìjọba títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Wọ́n sọ ibi tí yóò sùn fún un, wọ́n sọ ibi tí yóò ti jà, wọ́n sọ ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti dáyé. N kò rò pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ó wo ọmọ. Ó wo èmi. Mo ń bẹ̀rù pé "Yes, sir" ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀.

"A ò fẹ́ lọ," ó sọ ọ́ ní Yorùbá, bí ẹni pé bàbá náà gbọ́. Ó tún un sọ lédè òyìnbó.

"Ẹ jókòó nígbà náà," bàbá náà ní, "kí ẹnì kan gbé kẹ́tù kaná."

Àárín ìlà ni kẹ́tù wà, nílẹ̀. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ tó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.

Ìdí tíì la wà tí ọkọ mi nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ní tí kò bá ní bí wọn nínú, òun á fẹ́ kan ìṣó kan. Bàbá náà ní ògiri ni, kì í ṣe ẹyin, kó kan ohun tó bá wù ú. Ó mú ìṣó kan wá látinú mọ́tò rẹ̀, ó fún wa, ó lọ.

Ìgbà yẹn la tó rí i pé a ò ní òòlù. A ní okùn, a ní àgádágodo, a ní téèpù, a ní báàgì oríṣiríṣi. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ń kó lọ la ní. Òòlù? Látọjọ́ tí a ti fẹ́ra, a ò ra òòlù rí. Ọkọ mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bọ́ bàtà ṣọ́jà rẹ̀ kan, ó fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gbá ìṣó náà wọlé. Ọ̀dà tuntun ta sílẹ̀, kò bìkítà.

Mo tú ìró kúrò lára fọ́tò. Ọmọ wa sún mọ́ ọn. "Who's the skinny fella?" Mo ní bàbá ẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sáàárín àwọn ṣíbí.

Ọkọ mi gbé e kọ́. Fọ́tò náà fì sápá òsì díẹ̀. Mo dúró kí ẹni tó ń to bíìnì gbogbo àdúgbò tún un ṣe, kò tún un ṣe. Ó fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kejì nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì," ó ní, "a ti dé o."

"Ẹ káàbọ̀, Dádì," mo ní. "Ẹ kú ìrìnàjò."