Rejoice Kò Kú Lọ́jọ́rú

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Rejoice Ìtẹ́olúwakìṣí kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ náà sọ́kàn, nítorí pé iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tó fi ọdún mọ́kànlá sìn ti kéde ikú rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní Ọjọ́rú ló kú. Mi ò ní dárúkọ wọn. Agbẹjọ́rò wọn pọ̀ ju akọ̀ròyìn wọn lọ.

Ìkéde náà dùn ún kà. Wọ́n ní táyà mọ́tò ló bẹ́ lójú títì tó lọ sí Oríòkè-Ìwàmímọ́. Wọ́n ní ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló kú, òkú rẹ̀ sì ti wà ní mọ́ṣúárì. Èmi tí wọ́n bí sí Mahintedo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí títì bá wà tí mọ́tò ń gbà dé Oríòkè, ẹ fi hàn wá, ó ti pẹ́ tí a ti ń wá a; ọkọ̀ ojú omi nìkan là ń wọ̀ débẹ̀.

Ta ló kọ ọ́? Kò sẹ́ni tó kọ ọ́. Ẹ̀rọ akọ̀wé orí kọ̀ǹpútà ni, irú èyí tí èèyàn máa ń sọ ọ̀rọ̀ méjì fún tí yóò sì kọ odidi ìròyìn. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, Ṣèyí, àbúrò Rejoice, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú, Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè: “Ẹ káàárọ̀, sà. Àǹtí Rejoice ò tíì dé láti Oríòkè látàná. Ẹ̀rù ń bà wá. Ẹ bá wa gbàdúrà.” Olóòtú kò gbàdúrà, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Ó da ọ̀rọ̀ Ṣèyí sínú ẹ̀rọ, ó ní kó kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére tí yóò kún ojú ìwé kan. Ẹ̀rọ náà gbọ́ràn. Wọn ò sọ ohun tó pa á fún un, ló bá wá táyà fún un.

Ẹ má rò pé ẹ̀rọ ni mò ń bá jà. Rejoice gan-an ń lò ó, ó sì máa ń yìn ín pé ó yá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti kọ ìròyìn tán, Rejoice á gbé fóònù rẹ̀ lọ sí èbúté, pẹ̀lú púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, nínú náílọ́ọ̀nù, á sì kà á sókè fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Màmá Láídì tó ń ta ẹja gbígbẹ máa ń jókòó tì í bí adájọ́. Nígbà kan ẹ̀rọ kọ ọ́ pé màmá yìí sunkún nígbà tí òkun gbé ilé rẹ̀. Màmá ní òun ò sunkún rárá, inú ló bí òun, kó pa á rẹ́. Rejoice pa á rẹ́ lójú wọn.

Ohun tó gbé e lọ sí Oríòkè lọ́jọ́rú nìyẹn, láti lọ ka ìròyìn àwọn ilé tí òkun gbé fún àwọn tó nilé. Olóòtú ti ní kò pọn dandan, pé ẹ̀rọ ti kọ ọ́ dáadáa. Lọ́dún tó kọjá, Rejoice tọrọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì ni wọ́n fún un, lórí bí a ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí omi bá gbé lọ, a kì í pè é ní òkú títí a ó fi fojú rí i. A máa ń ní ó ṣì wà lódò. Àwọn onígboro lè fi wá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí à ń ṣe. Bí ẹnu bá ti pe òkú, ọwọ́ á dẹ̀ lórí àjẹ̀.

Ọwọ́ sì dẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba méjì ló ń wá a láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ rí ìkéde náà lórí fóònù, ni wọ́n bá yí padà. Ìyá Rejoice dúró dè wọ́n ní èbúté. “Ọma mi éè kú,” ó ní. “Ó ghà lódò.” Òṣìṣẹ́ náà na fóònù sí i. “Màmá, ó ti wà nínú ìròyìn.”

Yàkúbù apẹja kò mọ̀wé, nítorí náà ìròyìn náà kò dá a dúró. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kiri láàárín igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi, àfìgbà tó bá fẹ́ kírun. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló rí i. Rejoice ti fi gèlè so ara rẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà kan. Ara rẹ̀ kò tíì le. Dókítà ní kò tíì pé wákàtí mẹ́rin tó kú. Nínú náílọ́ọ̀nù púpurú rẹ̀ ni ìwé kékeré tó fi ń ṣiṣẹ́ wà, ohun tó kọ kẹ́yìn sì nìyí: “Ọjọ́bọ̀, àárọ̀. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì méjì. Mo pariwo. Wọ́n yí padà.”



Lọ́jọ́ Ajé, iléeṣẹ́ náà ṣe àtúnṣe. Wọ́n ní kì í ṣe táyà, ọkọ̀ ojú omi ló dànù, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé. Wọ́n fi Ọjọ́rú sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo pe Adégbóyè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ló ṣe é,” ló wí. Mo bi í pé ta ló gbé e jáde. Ó ní àwọn ń ṣèwádìí. Ṣé yàrá kan náà tí òun nìkan jókòó sí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀hún?

Ẹ̀yin iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ yọ Ọjọ́rú kúrò, kí ẹ kọ Jímọ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbé ìkéde náà jáde láì pe ilé olókùú, kí ìjọba náà kọ orúkọ ẹni tó ní kí ọkọ̀ méjèèjì yí padà. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ gbé e wá sí èbúté, kí ẹ kà á sókè níwájú ìyá Rejoice. Màmá Láídì á ti jókòó. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, á ní kí ẹ pa á rẹ́.