Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Sàtúùnù

Ìró pákó ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Pobẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ ọmọ mi, ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí nǹkan kan ń gbá bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ko, ko, ko. Mo gbójú sókè. Pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi okùn so ló wà lọ́rùn ọmọ náà. Sìnyáàlì! Mo ti rò pé nǹkan yẹn ti kú, pé a ti sin ín.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, n óò sọ ọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi débi pé mo ti da ẹ̀wà ọwọ́ mi nù. Nígbà tèmi, ní Sakété, egungun àgbọ̀n màlúù ni tiwa, ó sì ń rùn. Ẹni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ dípò Faransé nínú kíláàsì, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n á fi kọ́. Kò sì gbọdọ̀ bọ́ ọ àfi tó bá gbọ́ èdè ilé lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ó wá gbé e fún onítọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ gbogbo wa di amí ara wa. Ẹni tó bá gbé e sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, Mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ láàárín àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò sẹrítífíkà. Láìsí sẹrítífíkà, ìwé ẹni ti parí nìyẹn.

Àṣàbí, ọmọ Ìta-Jẹ̀bú, ni ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Sakété. Ìyá náà a máa fi èèpo èkùrọ́ ṣe lágídígba, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tí a ń sán sí ìdí ọmọbìnrin. A máa ń jókòó tì í lọ́sàn-án, kí ó máa lọ èèpo náà lórí òkúta títí yóò fi dán, kí ó sì máa fún wa ní ẹ̀bà àti ẹja jẹ. Ìdí Àṣàbí kì í ṣófo. Bí a bá ń ṣeré ìfarapamọ́, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ló ń tú àṣírí rẹ̀: á mira díẹ̀, á dún, a ó sì mú un. Òórùn àdín kì í tán lára rẹ̀, mo sì máa ń bú u pé eṣinṣin mọ̀ ọ́n ju Mẹ́tìrì lọ.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọrùn tèmi ni egungun wà. Ó ti lo ọjọ́ méjì. Mẹ́tìrì ya òòrùn sára pátákó, ó ya àwọn ayé tó ń yí i ká, ó sì dé orí àwọn mẹ́rin ńláńlá tó wà lọ́nà jíjìn. Ó ní Júpítẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ayé wa yìí lọ́nà ẹgbẹ̀rún á wọ inú rẹ̀. Ó ní Úránúsì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń yí lọ. Ó ní kí Nẹ́ptúùnù tó yí òòrùn ká lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí wọ́n bí lónìí á ti gbó, á ti kú, ọmọ rẹ̀ náà á ti darúgbó. Ó wá ya Sàtúùnù, ó fi òrùka gbàgàdà yí i ká, ó ní òun nìkan ló ní in, òfìfo ni àwọn mẹ́ta yòókù.

Àṣàbí gbàgbé ibi tó wà. Ó bú sẹ́rìn-ín, Ànàgó, Yorùbá ilé wa, ló sì bọ́ sí i lẹ́nu.

"Ó mà sán ìlẹ̀kẹ̀! Mẹ́tìrì, ọmọ ẹni ò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ṣé àwọn yòókù kì í ṣọmọ òòrùn ni? Lágídígba dúdú ni tiwọn, ẹ ò kàn rí i ni!"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jẹ ẹ̀bà ìyá ìyá rẹ̀, mo dìde, mo bọ́ egungun lọ́rùn mi, mo fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Ó wò mí. "Ìwọ kẹ̀?"

Mẹ́tìrì ní kí Àṣàbí kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Láti ọjọ́ náà, etí Àṣàbí gbọ́ Ànàgó àti Gùn, èdè àwọn aládùúgbò wa, lẹ́nu gbogbo wa, kò sì gbé egungun fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kejì, mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ Ànàgó sí i létí kí ó lè dá a padà fún mi.

Ó ní, "N ò gbọ́."

Ní ọjọ́ kẹta, Mẹ́tìrì fa igi lé orúkọ rẹ̀. Àṣàbí padà sí Ìta-Jẹ̀bú, ó ń pa èkùrọ́. Èmi ṣe sẹrítífíkà, mo yege, wọ́n pa adìyẹ fún mi. Mo gbọ́ ikú rẹ̀ kí n tó rí ẹnu bẹ̀ ẹ́.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ni mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ ti rí òrùka yí Úránúsì ká. Wọ́n tún rí ti Júpítẹ̀. Wọ́n tún rí ti Nẹ́ptúùnù. Wọ́n ní wọ́n tín-ín-rín, wọ́n ní ti Úránúsì dúdú bí èédú, ìdí nìyẹn tí ojú kò fi tètè rí i. Mo pa rédíò náà, mo sì sunkún ìbínú. Ọmọ tó sọ òótọ́ ni wọ́n fi egungun òkú màlúù kọ́ lọ́rùn, torí pé èdè ìyá rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Ta ló máa kó òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún Mẹ́tìrì?

Mo bi Rẹ̀mílẹ́kún pé kí ló sọ tí wọ́n fi gbé pákó kọ́ ọ lọ́rùn.

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Wọ́n fi àwòrán Sàtúùnù hàn wá, màmá àgbà. Mo kàn sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, 'Wò ó!'"

Mo ṣí ìwé rẹ̀ wò. Òrùka ti wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí, wọ́n yà á dáadáa. Wọ́n ti tún ojú ọ̀run ṣe nínú ìwé, ọrùn ọmọ ni wọn kò tún ṣe. Láti ìgbà Àṣàbí, Nẹ́ptúùnù kò tíì yí òòrùn ká dé ìdajì, ìbínú tèmi náà kò sì tíì rọlẹ̀.

Mo na ọwọ́, mo bọ́ pákó náà.

Ó ké, "Màmá àgbà, ẹ má bọ́ ọ, wọ́n á nà mí! Àfi kí n rí ẹni tí n óò gbé e fún."

Mo ní, "O ti rí i. Èmi náà ń sọ Ànàgó."

Mo fi kọ́ ọrùn ara mi. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi ni n óò gbé e wọ ilé ẹ̀kọ́ wọn, n óò sì ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí sọ èdè ìyá mi. Kò sí ẹni tí n óò gbé e fún mọ́.