Àwọ̀n Méjì Lókè Ilẹ̀kùn Burl

Ẹni tó ni ọkọ̀ ló ń dúró níwájú. Bó ṣe rí ní adágún Coosawee nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì kékeré oníbátìrì wà, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ darí. Iwájú náà ni ẹ̀rọ tó ń fi ìsàlẹ̀ omi hàn wà. Ẹni iwájú ló ń kọ́kọ́ ju ìwọ̀ síbi tó dáa. Ẹni ẹ̀yìn ń ju tirẹ̀ sí omi tí wọ́n ti dà rú. Bí ìwọ̀ ẹni iwájú bá sì kọ́ ẹja ńlá, ẹni ẹ̀yìn a gbé ọ̀pá tirẹ̀ sílẹ̀, a gbé àwọ̀n.

Delmer Pruitt ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ Hoyt Lassiter láti ìgbà tí irun wọn kò tíì funfun. Ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ti lo okun wọn, ní ìlú kékeré kan ní Alabama, títí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà pa. Delmer ò ní ọkọ̀. Ọ̀pá mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan le, ti inú kùkùté nìyẹn. Ọ̀kan rọ̀ díẹ̀, ti ìwọ̀ tí abẹ́ idẹ ń yí lára rẹ̀. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, fún ìgbà tí omi bá mọ́ gaara tí ẹja ń fura. Ti Hoyt pọ̀ púpọ̀, bó bá tò wọ́n sórí ọkọ̀, wọn a dà bí ọgbà ẹ̀gẹ́.

"Hoyt, ṣé o fẹ́ pa ẹja ni, àbí o fẹ́ ṣe ọgbà yí wọn ká?"

"Ọ̀pá mẹ́ta! Ahun. Ẹja gan-an mọ̀ pé ìyà ń jẹ ọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá fún ọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣeré. Eré kan ṣoṣo ni kì í ṣe eré.

Ọdún tí wọ́n ṣí afárá tuntun, ẹja báàsì kan gbé ìwọ̀ Hoyt lábẹ́ afárá náà. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ìkúùkù àgbàlagbà á wọ̀ ọ́. Delmer di àwọ̀n mú, kò tíì nà án, nígbà tí ẹja náà fò sókè, ó gbọn orí, ó sì tu ìwọ̀ nù. Àwọ̀n ò tíì kan omi. Àwọn méjì péré ló rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù ohun ìpẹja tí Burl Sikes àgbà ń tà, Hoyt ní Delmer fi etí àwọ̀n gbá ẹja náà já. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Delmer náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé yóò tán lọ́la.

Kò tán. Burl àgbà gbé àwọ̀n yíya kan kọ́ sókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kọ orúkọ Delmer sára igi ọwọ́ rẹ̀. Burl àgbà kú, ọmọ rẹ̀ Burl jogún ṣọ́ọ̀bù, ó sì jogún àwọ̀n náà mọ́ ọn. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà ń pe Delmer ní Àwọ̀n-ò-kó. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nílé agẹrun, níbi tó ti ń ra epo sọ́kọ̀. Hoyt mọ òtítọ́. Hoyt ò sọ ọ́.

Nígbà tó yá, jẹjẹrẹ mú Hoyt lọ́fun. Wọ́n fi iná ìtànṣán ẹ̀rọ sun ún nílé ìwòsàn kan ní Birmingham. Iná náà pa díẹ̀ lára jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó pa itọ́ ẹnu rẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà, ìgò omi ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Oleta ìyàwó rẹ̀ ló ń rọ omi náà kún.

Ní ìgbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Hoyt wá bá Delmer ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Delmer gbé ẹ̀pà sísè fún un. Ó mú ẹyọ kan, ó dì í mú lásán. Kò lè gbé e mì.

"Ìdíje ìparí ọdún ẹgbẹ́ apẹja ti dé tán. Wá bá mi lọ. Mi ò rò pé màá rí òmíràn."

"Wá ẹni tó mọ àwọ̀n gbé."

"Delmer, má ṣe báyẹn."

"Àwọ̀n yẹn gbọ́dọ̀ kúrò lókè ilẹ̀kùn Burl. Ìwọ lo gbé e síbẹ̀."

"Bàbá Burl ló gbé e síbẹ̀."

"Ẹnu rẹ ló gbé e síbẹ̀, Hoyt."

Hoyt mu omi. Ó wo ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ náà, tí a bá dé orí pèpéle tí Burl ti ń wọn ẹja, màá gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Màá sọ fún wọn pé ẹja yẹn ti já kí o tó na àwọ̀n."

"Yálà a pa ẹja, yálà a ò pa?"

"Yálà a pa, yálà a ò pa."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn Delmer fọ fìlà rẹ̀, ohun tí kì í ṣe.

Lọ́jọ́ ìdíje, ìkùukùu bo omi. Hoyt so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì ńlá bí awakọ̀ bá ṣubú sómi mọ́ ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀, ó sì sáré la adágún náà bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Omi dára fún wọn. Ẹja márùn-ún ni òfin gbà, kí oòrùn tó ga, mẹ́rin ti wà nínú ihò omi abẹ́ pákó ọkọ̀, tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn kí wọ́n má bàa kú. Òkú ẹja a máa gé ìwọ̀n ẹni kù.

Wọ́n dé inú kùkùté tó wà lẹ́nu odò kékeré. Ìwọ̀ Hoyt há, ó já. Ó mú òmíràn, òjé dúdú onírùngbọ̀n rọ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á mọ́ okùn. Irú okùn tí ẹja kì í rí nínú omi ni. Okùn náà lágbára, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ kan: bí o bá fún kókó rẹ̀ pọ̀ ní gbígbẹ, ara rẹ̀ á ha ara rẹ̀ títí á fi jóná. O gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ kí o tó fà á. Gbogbo apẹja Coosawee ló ń fi itọ́ rẹ ẹ́, láìrò ó, bí ẹni ń mí.

Hoyt gbé kókó náà sẹ́nu, bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yọ ọ́, ó fẹ́ fà á. Delmer rí i láti ẹ̀yìn pé ó gbẹ.

"Gbé e wá kí n bá ọ ta á."

"Láti ìgbà wo lẹni ẹ̀yìn ti ń ta kókó fún ẹni iwájú?"

"Ó gbẹ, Hoyt. Rẹ ẹ́ lómi."

"Mo ti ń ta kókó kí ìwọ tó mọ ìwọ̀ yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́. Àwọ̀n ni kí o gbájú mọ́."

Ọ̀rọ̀ àwọ̀n yẹn wọ Delmer lára. Omi adágún wà nítòsí, kò jìnnà ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, kó máa fà á. Hoyt fà á.

Ìwọ̀ náà wọ ẹ̀gbẹ́ kùkùté kan, okùn náà sì rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Hoyt fa ọ̀pá. Ọ̀pá tẹ̀ dé ìdí.

"Àwọ̀n!"

Delmer gbé àwọ̀n. Ó tì í sábẹ́ omi, ó dúró jẹ́ẹ́, bó ṣe yẹ. Wọ́n rí ẹja náà nígbà tó yí ikùn. Hoyt ń sunkún tàbí ó ń rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ ò jẹ́ kéèyàn mọ̀. Ẹja náà kọ orí sábẹ́ ọkọ̀, okùn ní "táì," ọ̀pá sì nà tọ́ bí igi àjà. Àwọ̀n jìnnà sí i tó ìdajì ọkọ̀.

Hoyt ká okùn náà. Delmer mú orí okùn tó já. Okùn tí kùkùté gé, ẹnu rẹ̀ a máa họ. Èyí ò họ. Orí rẹ̀ ká kóńkó bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀, bí okùn tí kókó rẹ̀ yọ̀ ṣe máa ń rí.

"Wò ó," ni Delmer wí.

Hoyt wò ó. Ó mu omi. "Okùn ayé ìsinsìnyí ò dáa mọ́."

"Hoyt."

"Mo ní okùn náà ò dáa!"

Delmer gé okùn tó gùn tó ìka kan níbẹ̀, ó fi sínú etí fìlà rẹ̀.

Ní ọ̀sán, gbogbo ẹgbẹ́ pé sí èbúté. Ọ̀pọ̀ wọn mú ìyàwó wá torí Hoyt. Burl wọn ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé gbohùngbohùn.

"Mẹ́rin, Ọ̀gbẹ́ni Hoyt! Ìkarùn-ún dà?"

Hoyt gba gbohùngbohùn náà. Delmer tún fìlà rẹ̀ dé. Hoyt wo ojú àwọn èrò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wò ó bí a ṣe ń wo ẹni tó ń lọ.

"Ìkarùn-ún?" Ó nawọ́ sí Delmer. "Ẹ bi Àwọ̀n-ò-kó."

Ẹ̀rín bú gbàù. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu omijé. Ẹnì kan gbá Delmer lẹ́yìn. Oleta náà rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Nínú ọkọ̀ ilẹ̀, bí wọ́n ti ń fa ọkọ̀ omi lọ sílé, Hoyt ní, "Ṣé o rí ojú wọn? Mi ò lè sọ fún wọn pé mi ò lè ta kókó mọ́. Fi èyí jì mí. Ìwọ ṣì ní ọjọ́ láti sọ ọ́."

"Tí o bá kú, ta ló máa gbà mí gbọ́?"

Hoyt fẹ́ mu omi. Ó gbé ìgò rẹ̀, ó ti tán.

Wọ́n sin ín kí Kérésì tó dé. Pásítọ̀ sọ ìtàn àwọ̀n nínú ìwàásù, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹun nínú gbọ̀ngàn. Oleta fúnra rẹ̀ gbé adìyẹ díndín wá fún Delmer, ó jókòó tì í.

"Delmer, ṣé àwọ̀n náà ló gbá ẹja ìkarùn-ún yẹn lóòótọ́?"

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó bọ́ fìlà, ó yọ okùn náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

"Kókó ló yọ̀. Ní gbígbẹ ni Hoyt ta á. Àwọ̀n ò dé ibẹ̀. Ti abẹ́ afárá náà, àwọ̀n ò dé ibẹ̀."

Oleta wo okùn náà pẹ́. Kò pè é ní òpùrọ́.

"O rí i nígbà tó ń ta á?"

"Mo rí i. Mo sọ fún un pé kó rẹ ẹ́."

"O mọ̀ pé kò sí itọ́ lẹ́nu ọkọ mi."

"Mo mọ̀."

"Inú omi lẹ wà, Delmer. Orí omi lẹ jókòó sí." Ohùn rẹ̀ ti ròkè, àwọn tó wà ní tábìlì kejì ti yíjú sí wọn. "O ò lè na ọwọ́ kí o ta omi sí i? Ẹja ìkẹyìn rẹ̀?"

Oleta gbé àwo adìyẹ náà kúrò níwájú Delmer tí kò tíì jẹ ẹ́.

Nígbà tí òdòdó bẹ̀rẹ̀ sí í là, Delmer lọ ra ìwọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Burl. Àwọ̀n méjì ló wà lókè ilẹ̀kùn. Ìkejì ni ti inú ọkọ̀ Hoyt, Oleta ló gbé e wá. Kò sí orúkọ lára èyí.

"Ẹ káàárọ̀," ni Burl wí. Ó ka ìwọ̀ fún un, ó gba owó. Àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ ìmóoru dákẹ́ títí ó fi jáde.

Etí omi ló ti ń pẹja báyìí, lórí òkúta, òun nìkan. Kò mú àwọ̀n dání. Bó bá ta kókó, á fi itọ́ rẹ ẹ́, á tún tì í bọ omi. Wọn ò pè é ní Àwọ̀n-ò-kó mọ́. Wọn ò pè é ní nǹkan kan.