Bí Mo Ṣe Fi Òróró Dí Imú Bàálù Mi

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe aráalé, kì í ṣe òyìnbó. Ìka ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni, èyí tí mo máa ń fi tọ́ka sí àṣìṣe àwọn ẹlòmíì.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí. Walworth Road ni mo ń gbà lọ, òun náà ni mo ń gbà bọ̀, ó ti lé lógún ọdún. Ọdún mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ ni mo fi kan bàálù oníjòkòó méjì kan nínú gáréèjì tí káńsù fún wa lábẹ́ fúláàtì wa ní Peckham. Inú àpótí ni wọ́n máa ń kó irú ẹ̀ wá, irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ pẹ̀lú ìṣó rẹpẹtẹ, wọ́n á ní kó o lọ tò ó fúnra ẹ. Ọdún méjì gbáko ni apá ẹ̀ kan fi sùn sí kọ́rídọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ á kọ́kọ́ fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bi ìyàwó mi bóyá a fẹ́ kó kúrò nílé ni. Ó ní rárá o, ọkọ òun ló fẹ́ fò.

Ó sì fò lóòótọ́. A gbé e lọ sí pápá kékeré kan ní Kent, mo gòkè, mo sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè. Àmọ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n fún mi sọ pé mi ò gbọ́dọ̀ fi wọ inú àwọsánmà. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ nìkan ni kí n fò. Ní England níbí! Ẹ wo àgbàyà tó kan ọkọ̀ tó ń sá fún àwọsánmà nílé àwọsánmà. Mo máa ń jókòó sínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tíì nínú fláàsì, kí n máa wòkè títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, kí n tún wakọ̀ padà sí Peckham.

Ìyàwó mi ò tíì wọ inú bàálù mi. Kò bẹ̀rù. Gbogbo ìgbà tó ti wọ bàálù láti Èkó wá síbí, àárín ni wọ́n ń fi í sí, láàárín èmi tí mo ń han-anrun àti ẹnì kan tó ti pa fèrèsé dé. Kò rí ẹ̀yìn àwọsánmà rí. Ó ní ọjọ́ tí mo bá lè gbé òun gba inú ẹ̀ kọjá dé òkè, kí n wá pe òun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, títí di ọjọ́ tí dókítà ojú sọ fún un pé àìsàn kan ti ń jẹ ìríran ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín. Ojú ò dùn ún, kò pọ́n, ó kàn ń dín kù ni. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i lè fa ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn, àmọ́ èyí tó ti lọ ti lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ.

Wọn kì í ṣàdédé gbà kéèyàn fi bàálù àfọwọ́kàn wọ àwọsánmà, ó sì nídìí. Ojú ò wúlò níbẹ̀. Ara gan-an á máa parọ́ fún ọ pé o dúró ṣánṣán nígbà tó o ti ń dorí kodò. Aago nìkan lo máa gbà gbọ́: èyí tó ń sọ bó o ṣe ga tó, èyí tó ń sọ bó o ṣe ń sáré tó, èyí tó ń sọ bóyá apá bàálù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo lọ kọ́ ọ, wọ́n dé mi ní fìlà tó bo ojú ní òkè kí n má bàa rí ìta, mo ń laagùn. Wọ́n tún ní kí n ní bátìrì mìíràn nílẹ̀ torí bí iná bá lọ. Ọmọ Nàìjíríà lẹ ń sọ ìyẹn fún? Ẹyọ kan ni wọ́n ní kí n fi sí i, mo fi méjì sí i.

Ihò kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, wọn ò ju orí ìṣó wẹ́wẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni àwọn aago yẹn ti ń mí. Bí wọ́n bá dí, aago á máa purọ́ fún ọ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ihò yìí da gbogbo ayé láàmú, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí inspẹ́kítọ̀ wá yẹ bàálù wò kó lè fọwọ́ sí ìwé àwọsánmà, mo gbé wòlíì wa àti ìyàwó mi lọ sí pápá. Aláṣọ funfun ni wá, a kì í wa mọ́tò tuntun láìyà á sí mímọ́, ká má tíì sọ bàálù. Nínú òtútù January, wòlíì bọ́ bàtà, ó fi sùtánà rìn yí ọkọ̀ ká, àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí kò rí wa. Ó ta òróró sí ẹnu ẹ̀, sí ẹsẹ̀, sí ìjókòó. Kò kan ihò, torí mo ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ pé kó má kàn án.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Àmọ́ mo ronú pé ohun tí ẹ̀mí ìyàwó mi máa gbára lé ni a fi sílẹ̀ láìgbàdúrà sí yìí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo gba ìgò lọ́wọ́ wòlíì, mo fi ìka mi ṣe àgbélébùú lé ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó lè wọlé. Ìyàwó mi bi mí bóyá kì í ṣe ihò tí mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn nìyẹn. Mo ní òróró àdúrà kì í ṣe ìdọ̀tí.

Inspẹ́kítọ̀ jẹ́ bàbá arúgbó kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó so ẹ̀rọ kan tó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ihò náà kí aago lè rò pé a ti ń gòkè. Aago ò mira. Ó fi wáyà tín-ínrín yọ nǹkan jáde: òróró ólífì ti dì bí òrí nínú òtútù. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó bi mí pé kí ni. Mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá ti oúnjẹ ni. Mo ní ti oúnjẹ ni tẹ́lẹ̀, kí a tó gbàdúrà sí i. Ó rọra kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo páìpù máa jáde, àwọn aago máa padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, ká tó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan di oṣù mẹ́rin. Láàárín ẹ̀ ni mo mú ìyàwó mi lọ sílé ìwòsàn fún àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń fi iná wínníwínní han èèyàn. Tó o bá rí i, kó o tẹ bọ́tìnnì. Mo jókòó sí kọ̀rọ̀, mò ń gbọ́ bọ́tìnnì náà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wá dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo fẹ́ dìde bá a tẹ̀ ẹ́. Kò fi òróró bú mi lọ́jọ́ yẹn, kò fi bú mi rí, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Ìwé dé níparí oṣù Karùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọsánmà bo gbogbo Kent, tí àwọn awakọ̀ yòókù ń mu tíì nínú ilé, mo gbé ìyàwó mi jókòó sí ọ̀tún mi, a gbéra. A wọ inú funfun. Mi ò rí apá bàálù mọ́. Mo gbé ojú lé àwọn aago, mò ń pè wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan: gíga, eré, apá. Lójijì, oòrùn là. Ìsàlẹ̀ wa funfun lọ títí dé ibi tí ojú mọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni tó ni ọ̀run. Mo ní kó wo ibí, kó wo ọ̀hún, kó wo òjìji wa. Nígbà tí mo yọjú wò ó, kò kọjú sí fèrèsé. Ó ti yí gbogbo orí ẹ̀ sí mi, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wo nǹkan báyìí. Inú bí mi. Mo bi í pé kí ló ń wò.

Ó ní, "Mo ti rí i, Daddy. Ó dára gan-an. Àmọ́ ojú mi ò gba nǹkan méjì mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wo ẹ̀yìn yín nínú gáréèjì yẹn. Ẹ jẹ́ n wo ojú yín."

Òógùn ti bo imú mi, ẹnu mi ṣì là sílẹ̀. Mo yíjú sí i bẹ́ẹ̀.